Ẹ Yé Pe Ọmọ Náà Ní Sẹ̀lẹ̀rú

Gbogbo wa la mọ bí ọyẹ́ ilẹ̀ Kánò ti rí. Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, tí yóò gbé eruku láti ìhà Bodélé lórílẹ̀-èdè Chad, tí yóò wá dà á sórí ìwé wa, sórí bẹ́ẹ̀dì wa àti sínú omi tí a bù sínú garawa. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Oǹdó tàbí Ìjẹ̀bú-Òde dé lè rò pé ilé ẹnì kan ló ń jó nítòsí. Àgbàlagbà á fi aṣọ bo imú, á máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwa kọ́ la fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ imú ọmọdé la gbé wá. A mọ̀ pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín: ìdìbò ẹgbẹ́ ń bọ̀, iná kò dúró ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wá jókòó, ó ń sọ̀rọ̀ ikun imú! Ẹ fara balẹ̀ ná.

Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti mọ̀, ẹgbẹ́ wa a máa lọ sí Sábọ̀n Gàrí láàárọ̀ Sátidé láti kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ ní èdè baba wọn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ níbẹ̀, ọmọ Ọ̀fà wà níbẹ̀, ọmọ Ìlọrin náà kò gbẹ́yìn. Òmíràn nínú wọn kò tí ì fojú kan ilé rí, Haúsá ló fi ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Iṣẹ́ náà dára, a kò sì ní torí ohun tí a fẹ́ sọ yìí sọ pé kò dára.

Ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì wa, yóò tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Imú rẹ̀ kì í gbẹ. Bó bá ti wọlé ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í sín, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀méje léraléra, omi yóò sì máa dà nímú rẹ̀ gbàràgbàrà. Yóò fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún sókè, yóò fi apá aṣọ nu ìyókù. Ọ̀kan nínú àwa olùkọ́ ló kọ́kọ́ pè é ní Sẹ̀lẹ̀rú, nítorí pé sẹ̀lẹ̀rú kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Orúkọ náà dùn mọ́ wa lẹ́nu. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí gbogbo àwọn ọmọ fi gbà á, kò sì sí ẹni tó tún rántí orúkọ tí baba rẹ̀ sọ ọ́. A ń fi ọwọ́ kan kọ́ wọn ní oríkì, a ń fi ọwọ́ kejì sọ ọmọ lórúkọ yẹ̀yẹ́.

Èyí tó tún burú jù ni ti oorun. Bí a bá ń ka álífábẹ́ẹ̀tì, oorun ni. Bí a bá ń pàlọ́, tí gbogbo ọmọ ń gbe orin, oorun ni. A ní ọ̀lẹ ni. A ní kó kúnlẹ̀, kó nawọ́ sókè, ó sì ń kúnlẹ̀ síbẹ̀ lórí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá, tí eruku rẹ̀ kò tí ì rọlẹ̀. Ojú ń tì wá láti kọ èyí, ṣùgbọ́n bí a kò bá kọ ọ́, irọ́ ni ìyókù ọ̀rọ̀ wa.

Ìyá rẹ̀ ló wá bá wa lọ́jọ́ kan. Aṣọ ni ìyá náà ń tà, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó ẹni tó bí wa lọ́mọ, síbẹ̀ ó fi ọ̀wọ̀ wọ̀ wá. Ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i. Kì í sùn lóru. Ẹnu ló fi ń mí, á máa hanrun bí àgbàlagbà títí ilẹ̀ á fi mọ́." Ó wá ka gbogbo ohun tó ti ṣe sí i fún wa. Kápúsù aláwọ̀ méjì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, ọmọ náà ti lò ó tó ìgbà márùn-ún láàrin ọdún kan. Àgbo wà ńbẹ̀. Rọ́ọ̀bù wà ńbẹ̀. Epo pupa wà ńbẹ̀, tí ìyá àgbà kan ládùúgbò ní kó máa kán sí i nímú. Piriton náà wà ńbẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìgbà tó dárúkọ èyí ni a wo ojú ara wa. Oorun tí a torí rẹ̀ fìyà jẹ ọmọ, ó ti gbé e mì pẹ̀lú omi kó tó kúrò nílé.

A bẹ ìyá náà pé kó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, ọ̀kan nínú wa sì tẹ̀lé wọn lọ. Ó yà á lẹ́nu pé dókítà náà kò kọ́kọ́ fi nǹkan kan kan ọmọ lára, ojú rẹ̀ nìkan ló ń wò. Ó fi ìka hàn wá: ìlà tín-ínrín kan wà tó dábùú imú ọmọ náà, lókè ibi tí imú ti rọ̀. Ọwọ́ tó fi ń nu imú sókè lójoojúmọ́ ló fà á. Ó tún fi abẹ́ ojú rẹ̀ hàn wá, ó dúdú bí ẹni tí wọ́n lù. Ó bèèrè bóyá ẹnì kan ní ikọ́ fée nínú ẹbí. Bàbá ọmọ náà ní in. Ó bèèrè ibi tó ń sùn. Orí tìmùtìmù àtijọ́ kan ni, òun àti àwọn àbúrò méjì, rọ́ọ̀gì sì wà nílẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Ó ní álẹ́jì ni. Ìyá gbọ́ ọ sí Alhaji, ó ní Alhaji wo ni ọmọ òun ṣẹ̀? Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, dókítà náà sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ìṣòro ńlá wà nínú ẹ̀rín yẹn. Àìsàn tí a kò ní orúkọ gidi fún ní èdè wa, báwo ni ìyá ọmọ yóò ṣe mọ ohun tó ń bá jà?

Òfìnkìn ni a ń pe gbogbo rẹ̀. Ọ̀tútù mú un, òfìnkìn ni. Eruku wọ̀ ọ́ nímú, òfìnkìn ni. Àwa ní ìgbìmọ̀ olóòtú ti fẹnu kò pé a ó máa pe èyí ní òfìnkìn èèwọ̀. Ẹni tó bá ní orúkọ tó dára jù ú lọ, kó mú un wá, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa ìmọ̀ èdè. Ìdí tí a fi yan èèwọ̀ ni pé gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ pé ohun tí ìdílé kan ń jẹ tí ara wọn le, ìdílé kejì lè máa fọwọ́ bò ó lójú. Eruku kan náà ni gbogbo ọmọ inú kíláàsì ń fà símú. Ara ọmọ méjìdínlógún gbà á, ara ọ̀kan kọ̀ ọ́.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí, bó ti yé wa mọ. Ara ẹ̀dá ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń lé kòkòrò àrùn. Nínú ẹlòmíràn, tí ó sábà máa ń jẹ́ ohun àjogúnbá, ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí a máa ṣi ènìyàn mú, bíi máígádì tó yọ kóńdó sí onílé. Ní nǹkan bí 1966 ni tọkọtaya ará Japan kan, Kimishige àti Teruko Ishizaka, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Denver ní Amẹ́ríkà, rí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń dá èyí sílẹ̀. IgE ni wọ́n ń pè é. Bí ohun tí ara kọ̀ bá wọ imú, IgE yóò dá a mọ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú awọ imú yóò sì tú kẹ́míkà tí a ń pè ní histamine jáde. Òun ló ń mú kí imú yún ni, tó ń fa sísín, tó ń sọ imú di omi, tó sì ń dí i. Àwọn àgbà wa ní ohun tó bá ojú ló bá imú, òótọ́ pọ́ńbélé sì ni níhìn-ín, nítorí ojú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ náà a máa yún un, a máa pọ́n, a sì máa ṣomi.

Kí ni ara wá ń kọ̀? Kì í ṣe eruku ọyẹ́ nìkan, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò. Eruku ọyẹ́ lè ta imú ẹnikẹ́ni, ó sì máa ń sọ ti ọmọ tó ti ní òfìnkìn èèwọ̀ di ńlá. Àmọ́ ògbólógbòó ọ̀tá náà ń bẹ nínú yàrá. Kòkòrò tíntìntín kan wà tí ojú lásán kò lè rí, inú tìmùtìmù, irọ̀rí àti rọ́ọ̀gì ló ń gbé, awọ gbígbẹ tó ń ṣí kúrò lára wa ló ń jẹ, ìgbẹ́ rẹ̀ ló sì ń da imú láàmú. Ibi tó bá rin ló fẹ́, ìdí nìyẹn tí ọmọ tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́ fi lè máa sín ní Èkó nígbà òjò ju bó ti ń sín níbí lọ. Aáyán wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti irun ológbò, àti ohun tó máa ń hù lára ògiri tó bá rin, àti lẹ́búlẹ́bú òdòdó. Èéfín sítóòfù, èéfín igi, oògùn ẹ̀fọn oníná àti tùràrí tí a ń jó nílé kì í ṣe èèwọ̀ ara ní tiwọn, ṣùgbọ́n ata ni wọ́n jẹ́ sójú egbò.

Ẹnì kan lára wa sọ nípàdé pé àìsàn òyìnbó nìyí. Kò jẹ̀bi tán. Àwọn òyìnbó ló kọ́kọ́ pariwo rẹ̀: John Bostock, dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàpèjúwe tirẹ̀ ní 1819, Charles Blackley ní Manchester sì kọ ìwé ní 1873 lẹ́yìn tó ti fi lẹ́búlẹ́bú òdòdó dán ara rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tí wọ́n ń pè ní ISAAC ní 1991, Ìbàdàn wà lára àwọn ìlú tí wọ́n ti ṣe é. Èsì rẹ̀ tó jáde nínú The Lancet ní 1998 jẹ́ ti 463,801 ọmọ ọdún 13 sí 14, láti orílẹ̀-èdè 56. Ta ló wá fẹ́ sọ pé òyìnbó ni àwọn ọmọ Ìbàdàn?

Kí ẹ má bàa ṣi ọ̀kan mú fún èkejì: òfìnkìn tí ọ̀tútù ń fà kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá lọ, ara lè gbóná, ikun a máa ki, ẹlòmíràn nínú ilé a sì kó o. Òfìnkìn èèwọ̀ kì í mú ara gbóná. Omi rẹ̀ mọ́ bí omi òjò, imú ń yún ọmọ, kì í ràn, ó sì lè gba oṣù mẹ́ta kó má lọ, tàbí kó lọ kó tún padà bí ọmọ bá ti dé ibi tí ohun náà wà. Bó bá wá jẹ́ ihò imú kan ṣoṣo ló ń dà, tó sì ń rùn, ẹ tètè gbé ọmọ lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀wà tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ló tì bọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ oògùn ló ń bí wa nínú jù. Kápúsù tó ń pa kòkòrò àrùn kò lè ṣe nǹkan kan fún àìsàn tí kòkòrò àrùn kò fà. Owó ìyá ló ń jẹ, ó sì ń kọ́ àwọn kòkòrò àrùn bí wọ́n ṣe lè máa sá fún oògùn lọ́jọ́ tí ọmọ bá nílò rẹ̀ lóòótọ́. Epo tí a kán sí imú lè gba ọ̀nà òfun wọ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ, kó sì di ọ̀rọ̀ mìíràn. Rọ́ọ̀bù kì í ṣe ohun tí a ń fi sí ihò imú ìkókó. Níwọ̀n bí a sì ti dé ibi òórùn líle, ẹ jẹ́ ká ya díẹ̀: káńfọ̀ funfun tí a ń jù sínú aṣọ ọmọ tuntun, ẹ bá wa sọ fún àwọn àǹtí yín kí wọ́n jáwọ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà nínú wa tí wọn kò ní èròjà G6PD tó nínú ẹ̀jẹ̀, káńfọ̀ yìí sì lè ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ títí ojú wọn yóò fi pọ́n bí ìyeyè. Ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ imú lọ fíìfíì.

Piriton ń ṣiṣẹ́, a kò sọ pé kò ṣiṣẹ́. Histamine náà ló ń dí lọ́nà. Ṣùgbọ́n ó ń kun ènìyàn lóorun, ọmọ tó sì ń lò ó láàárọ̀ tó ń lọ sílé ìwé, ara rẹ̀ nìkan ló lọ. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀, bíi cetirizine àti loratadine, kì í fa oorun tó bẹ́ẹ̀. Oògùn tí a ń fín sí imú wà pẹ̀lú, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ sọ irú èyí tó yẹ àti bí a ó ṣe lò ó. Òun ni wọ́n fún ọmọ tí à ń wí yìí. Èyí tí ẹ óò máa ṣọ́ra fún ni ẹ̀kán imú tó ń là á lójú ẹsẹ̀. Bí a bá lò ó ju ọjọ́ mélòó kan lọ, imú yóò tún dí ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọmọ á wá di ẹrú ìgò. Omi gbígbóná tí a jẹ́ kó tutù, tí a fi iyọ̀ díẹ̀ sí, kò wọ́n, ó sì dára láti fi ṣan imú ọmọ tó ti gbọ́n tó láti dúró.

Nípàdé tí a ti sọ èyí, ẹnì kan dìde, ó ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ó ní ibà ń pa ọmọ, ta ni imú pa rí? Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìtumọ̀, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtọ́jú ibà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n imú àti ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀nà kan náà ni wọ́n. Àwọn onímọ̀ tó pàdé lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé ní 1999 pe ètò wọn ní ARIA láti fi hàn pé òfìnkìn èèwọ̀ àti ikọ́ fée ń rìn pọ̀, àti pé ẹni tó bá ń tọ́jú ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa wo èkejì. Ikọ́ fée ń pa ènìyàn, ó ti pa akẹ́kọ̀ọ́ rí, gbogbo wa la mọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ṣé ìgbà tí àìsàn bá pa ọmọ nìkan ló tó gbé e lárugẹ ni? Ọmọ tí kò sùn lóru, tí ó ń tòògbé lọ́sàn-án, tí olùkọ́ ń pè ní ọ̀lẹ, tí ẹgbẹ́ ń pè ní Sẹ̀lẹ̀rú, kí ló kù tí kò tí ì sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ nílé ìwé?

A kò ní kí ẹ lọ ra nǹkan olówó iyebíye. Lójú tiwa, àwọn ìyá wa àtijọ́ ṣe dáadáa ju bí a ti rò lọ. Wọn a ká ẹní nílẹ̀ láàárọ̀, wọn a gbọ̀n ọ́n níta, wọn a sá a sóòrùn, wọn a wọ́n omi sílẹ̀ kí wọ́n tó gbálẹ̀. Ẹní tí a ń gbọ̀n lójoojúmọ́ kò lè kó eruku jọ bíi tìmùtìmù tí a kò gbé kúrò lójú kan láti ọjọ́ tí a ti rà á. Oòrùn ilẹ̀ Kánò kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ẹ gbé tìmùtìmù síta, ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ ìbora. Ibi tí a ti ṣi ẹsẹ̀ gbé ni pé a kà rọ́ọ̀gì sí ọlá, a wá tẹ́ ẹ sí yàrá tí kò ní fèrèsé.

Ìyá ọmọ náà ti ká rọ́ọ̀gì kúrò níbi tó ń sùn, ó sì tò ó ní oṣù méjì kí oorun rẹ̀ tó gún. Imú rẹ̀ ṣì ń da omi lọ́jọ́ tí eruku bá pọ̀. Dókítà ti sọ pé kì í ṣe ohun tó ń tán pátápátá. Ṣùgbọ́n ó ti ń gbe orin àlọ́. Àwa olùkọ́ bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo kíláàsì, a sì ní kó fúnra rẹ̀ ka oríkì rẹ̀ kí gbogbo ọmọ lè mọ orúkọ tí wọn yóò máa pè é. Ó gbàgbé ibì kan láàrin rẹ̀, a bá a parí rẹ̀.

Láti ìsinsìnyí lọ, ìrọ̀lẹ́ Fráídè ni a ó máa gbá yàrá ẹ̀kọ́ náà, kì í ṣe òwúrọ̀ Sátidé lójú àwọn ọmọ. A ó máa wọ́n omi sílẹ̀, a ó sì máa fi àkísà tútù nu pátákó ìkọ̀wé dípò dọ́sítà. Èèyàn mẹ́rin la nílò lọ́sẹ̀, a ṣì ń wá méjì. Ẹni tó bá lè wá, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ kí Ọjọ́bọ̀ tó dé, kó sì mú garawa tirẹ̀ dání, nítorí èyí tí ẹgbẹ́ ní ti jò.